Ẹ Kọ Àdéhùn Kí Ẹ Tó San Owó Àwòrán

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí ẹ fẹ́ fi owó ara yín gbé ìwé aláwòrán jáde fún ọmọdé, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ka ìtàn yín lálẹ́ òní, tó ní kò sí irú rẹ̀ rí, tó sì ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la kí ilé iṣẹ́ òun lè gbà á wọlé. Ilé iṣẹ́ tó bá yan ìwé fúnra rẹ̀ ló ń náwó lé e lórí, yóò sì máa fún òǹkọ̀wé ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tó bá tà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń sanwó, iṣẹ́ lẹ gbé fún un. Ẹ bá a dúnàádúrà bí ẹ ṣe ń bá agbẹ́kọ̀ ṣe é: igi wo, gígùn wo, ọjọ́ wo. Kò sí agbẹ́kọ̀ tí í gba owó ọkọ̀ tán kó tún ní òun ló ni ín. Àmọ́ nídìí ìwé, àwọn kan ń gba owó òǹkọ̀wé, wọ́n tún ń fi gbólóhùn kan pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àdéhùn pé ẹ̀tọ́ ìtàn náà ti di tàwọn. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Àwòrán ló ń jẹ owó jù, ibẹ̀ náà sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gbà pé bí àwọn bá ti sanwó fún ayàwòrán, àwọn ló ni àwòrán náà títí ayé. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ilẹ̀ wa ti ọdún 2022, tí Ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí lóṣù kẹta ọdún 2023, ẹni tó ya àwòrán ni a kọ́kọ́ mọ̀ sí ẹni tó ni ín, àfi bí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀tọ́ náà wà fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp kò tó. Ẹ kọ ọ́ síwèé: iye àwòrán, iye ìgbà tí yóò tún un ṣe láìgba owó kún un, ọjọ́ tí yóò parí, àti bóyá ẹ lè lò ó fún kàlẹ́ńdà tàbí fíìmù lọ́jọ́ iwájú. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí a ń yọ ara wa lẹ́nu, ṣebí ẹ̀rọ ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ nísinsìnyí. Lóṣù kejì ọdún 2023, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ní Amẹ́ríkà sọ fún òǹkọ̀wé kan, Kris Kashtanova, pé àwọn àwòrán tí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Midjourney yà sínú ìwé ìtàn rẹ̀, Zarya of the Dawn, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ààbò òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé náà àti bó ṣe tò ó jẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹlòmíràn lè kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lò lọ́hùn-ún. Amazon, tó ń tẹ ìwé tó sì ń tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà ti ń béèrè láti oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn pé kí òǹkọ̀wé sọ bó bá lo ẹ̀rọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ kò mọ Ìlàjẹ. Ayàwòrán tó ń gbé Ìbàdàn náà lè máà mọ̀ ọ́n. Yóò ya ilé sórí ilẹ̀ pupa, yóò gbin igi máńgòrò síwájú rẹ̀, ọmọ Awóyè, ìlú Ìlàjẹ kan létí òkun, yóò ṣí ìwé, kò ní rí ilé orí òpó, kò ní rí afárá pákó tó ń gbà lọ sílé ìwé. Ẹ ya fọ́tò fún ayàwòrán: ọkọ̀, àjẹ̀, àwọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń yan edé. Bí ìtàn yín bá jẹ́ ti Ayétòrò, ẹ tètè yà á. Ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947 ni, òkun sì ti gba ilé àti ilé ẹ̀kọ́ lọ níbẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà bí ibi tó ti rì ṣe rí, kí ẹ kọ ọ́ fún ayàwòrán.

Ojú ewé 32 ni ọ̀pọ̀ ìwé aláwòrán máa ń ní, nítorí bí wọ́n ṣe ń ká bébà ńlá nílé ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sábà tó 1,000. Ẹ̀yin tí ẹ ń lálàá ẹ̀yìn líle lórí Amazon, ẹ mọ̀ pé wọn kì í tẹ ẹlẹ́yìn líle fún ìwé tí kò tó ojú ewé 75.

Ẹ tún wo àmì ohùn. Kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé mìíràn máa ń gbé àmì mì. “Ìyá mi ra ọkọ̀ tuntun” yóò di “Ìyá mi ra ọkọ tuntun”, ẹ ó sì ti tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan fún yín lórí bébà gan-an, kí ẹ kà á sókè. Àwọ̀ omi tó ń dán lójú fóònù lè ṣú lórí bébà, ẹ̀dà kan yẹn ni yóò fi hàn. Ẹ sanwó fún olóòtú pẹ̀lú. Lọ́dún 2015 tí ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ilé iṣẹ́ gáàsì NLNG, 100,000 dọ́là, kan ìwé ọmọdé, ìwé 109 ló wọlé, kò sí èyí tó gbà á. Èdè àti àtúnṣe wà lára ohun tí àwọn adájọ́ ráhùn lé lórí.

Nọ́ńbà ISBN, ọ̀dọ̀ ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀, National Library, ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ má ra tí ẹlòmíràn. Bí ìwé bá jáde, òfin ní kí ẹ kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn láàárín oṣù kan.

Ní tèmi, 200 ẹ̀dà tó láti bẹ̀rẹ̀, bí onítẹ̀wé tilẹ̀ ń sọ pé ẹgbẹ̀rún ló dínwó. Kí ẹ tó dá iye tí ẹ ó tà á, ẹ ṣírò owó mọ́tò láti Ṣómolú, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Èkó, dé Ìgbókọ̀dá, owó ọkọ̀ ojú omi láti ibẹ̀ lọ, àti owó ọ̀rá ńlá tí ẹ ó fi wé páálí kọ̀ọ̀kan.