Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ TÍMÍǸ ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́ ṢE Ń YẸ̀ LẸ́YÌN ERÉ ÀSÁPAJÚDÉ

Àwọn kan nínú yín ṣì ń fi Peugeot 504 tàbí Volkswagen ìjàpá ṣe ẹsẹ̀ rìn. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen l'Ékòó. Ọkọ̀ gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti dàgbà. Bí a bá sá eré jù pẹ̀lú wọn, tí ọkọ̀ ò wá lè fa ẹrù mọ́, ẹ má tíì sọ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Ó lè jẹ́ pé tímíǹ ló yẹ̀.

Kí ni tímíǹ? Òun ni àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná. Ó yẹ kó ṣáná ní kété kí písítìn tó dé òkè. Bó bá pẹ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná, agbára á dín, epo á sì máa lọ bí omi. Bó bá yá jù, ẹ ó máa gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Èyí lè dá ihò sí písítìn lára.

Kí ló ń mú un yẹ̀? Bí ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 8,000 ni kọ́ńtáàtì ń ṣí.

1. Ẹsẹ̀ kékeré tó wà lára kọ́ńtáàtì á jẹ, àlàfo rẹ̀ á dín, iná á sì máa pẹ́.
2. Bóòtì tó di disitiribútọ̀ mú lè tú, kí disitiribútọ̀ fúnra rẹ̀ sì yí kúrò láyè.
3. Sípíríǹgì kéékèèké inú rẹ̀ lè dẹ̀.
4. Ṣéènì tímíǹ 504 lè fà. Ìjàpá ò ní ṣéènì yìí, jíà ló ń lò.

Báwo la ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ sì fi jíà sí nútírà. Ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo kọ́ńtáàtì níbi tó ti ṣí jù: mìlímítà 0.4 ni. Ẹ má ṣe fi tímíǹ ṣáájú, torí bí àlàfo bá yí padà, tímíǹ náà á yí. Lẹ́yìn náà, ẹ so wáyà kan búúbù 12 volt mọ́ ibi tí wáyà kọ́ìlì ti wọ disitiribútọ̀, kí ẹ so èkejì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì síwájú díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àmì ilé iṣẹ́ bá ti ṣe déédéé gan-an ni búúbù gbọ́dọ̀ ti tàn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dẹ bóòtì, ẹ yí disitiribútọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tún un dì.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó kọ́ńtáàtì ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá yáwó ẹgbẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tí ẹ ò nílò, èlé á máa gorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì kan àwọn onídùúró yín. Nítorí náà, kí ẹ tó wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ kọ́ńtáàtì àti tímíǹ wò, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé kékeré tí ẹ ó máa fi sínú ọkọ̀.