Kóńgò Tí A Tẹ̀ Nídìí



Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ìwọ̀n. Gbogbo wa la mọ alágàrí tó máa ń tẹ ìdí kóńgò wọnú: ojú kóńgò á kún, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò pé. Suratul Mutọfifiina, ìkẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ líle fún irú wọn.

Lónìí, kóńgò yẹn ti wọ inú ike ìyẹ̀fun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pò mu lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé irin tán, kí iṣan wọn lè yọ. Kò burú kí Mùsùlùmí fẹ́ ara líle. Ṣùgbọ́n kí ni a ń mu?

BÍ WỌ́N ṢE Ń TAN WÁ JẸ

Purotéènì ló ń mọ iṣan, nitrogen sì wà nínú rẹ̀. Ní 1883, Johan Kjeldahl, ará Denmark, gbé ọ̀nà kan jáde láti wọn nitrogen inú oúnjẹ. Iye tí wọ́n bá rí ni wọ́n sábà ń sọ di ìlọ́po 6.25 láti mọ iye purotéènì. Ṣùgbọ́n ìdíwọ̀n yìí kò mọ ibi tí nitrogen ti wá. Oníjìbìtì á wá da glycine tàbí taurine olówó pọ́ọ́kú sínú ìyẹ̀fun. Ìdíwọ̀n á ga, purotéènì kò sì pọ̀ sí i. Irú ẹ̀tàn yìí ni wọ́n fi melamine ṣe sínú mílíìkì ọmọdé ní Ṣáínà, tí àṣírí rẹ̀ tú ní 2008. Nǹkan bí 300,000 ọmọ ló ṣàìsàn, mẹ́fà sì kú.

Èyí tí wọn kò kọ sára ike tún burú jù. Ní 2000 sí 2001, àwọn onímọ̀ ní ìlú Cologne, ní Jámánì, yẹ irú ọjà báyìí 634 wò, tí wọ́n rà ní orílẹ̀-èdè 13. Nínú 94, wọ́n bá èròjà họ́mọ̀nù tí a kò kọ síta. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ lè mú irun hù lágbọ̀n obìnrin, kí ohùn rẹ̀ sì ki.

BÍ A ṢE LÈ YẸ̀ Ẹ́ WÒ

1. Ṣíbí: Bí ẹ̀kún ṣíbí kan bá jẹ́ gíráàmù 30, purotéènì 24 ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá kọ 30, irọ́ ni.

2. Kálórì: Gíráàmù purotéènì kan ń fúnni ní kálórì 4, ṣúgà 4, ọ̀rá 9. Purotéènì 24, ṣúgà 3 àti ọ̀rá 2 jẹ́ 126. Bí tiwọn bá jìnnà sí èyí, ẹ fura.

3. Àdàlù: Bí wọ́n bá to orúkọ èròjà márùn-ún jọ, tí wọ́n kọ àpapọ̀ gíráàmù 2 péré, creatine inú rẹ̀ kò lè tó gíráàmù 3 sí 5 tí ènìyàn ń lò lóòjọ́.

4. Nọ́ńbà NAFDAC: Bí kò bá sí, ẹ má rà á. Bí ó bá wà, ẹ wádìí lọ́dọ̀ NAFDAC bóyá òun àti orúkọ ọjà náà bára mu, nítorí a lè jí nọ́ńbà kọ.

5. Awọ kápúsù: Ẹ bi í bóyá ara ẹlẹ́dẹ̀ ni gelatin rẹ̀ ti wá.

Ẹ má gbàgbé pé ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù purotéènì 6. Ẹ̀wà, ẹja àti wàrà náà wà, tí ojú wa rí.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TÀ Á

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Òjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́jà. Bíbò tó bò ó mọ́lẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá mọ̀ pé ọjà kò pé, tí a sì tà á fún arákùnrin wa, àwa náà ti tẹ ìdí kóńgò.

FÚN ÌJÍRÒRÒ: Ta ni nínú wa tó ti ka ara ike tirẹ̀ rí? Ẹ mú un wá sí ìpàdé, kí a jọ ṣírò rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi hàlálì tẹ́ wa lọ́rùn. Àmín.