Lẹ́tà Ṣáájú Ariwo

Ọmọ mi, ojú rẹ ti wọlé nígbà tí mo rí ọ lánàá níbi tó o ti ń ra ata ní Tẹ́júoṣó. O ní iṣẹ́ alẹ́ márùn-ún ni wọ́n tún fi ọ́ sí léraléra, bẹ́ẹ̀ àyànfẹ́ métírọ́ọ̀nù kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́ rárá.

Má pariwo ní wọ́ọ̀dù. Èmi pariwo nígbà tèmi, nílé ìwòsàn kan tí n ò ní dárúkọ. Kúẹ́rì ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ rósítà di ọ̀rọ̀ àfojúdi. Ya fọ́tò rósítà oṣù mẹ́ta. (Má ya ti fáìlì aláìsàn o, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.) Kọ̀wé sí métírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ kó o tó lọ bá àwọn HR. Kí métírọ́ọ̀nù buwọ́ lu ẹ̀dà tìrẹ pé òun ti gbà á. Ní ti àwọn HR, ọ̀gá ló ń san owó wọn, wọn kì í ṣe lọ́yà rẹ.

Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì, NANNM, ń bẹ. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 oṣù Keje 2025, lára ohun tí wọ́n ń bèèrè sì ni àfikún owó ṣíìfù. Ní 2 oṣù Kẹjọ, àdéhùn pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ ti wà nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà wà ní Ìkòyí, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì jìnnà.

Wá sílé ní Sátidé. Mú rósítà yẹn dání, ká jọ kọ lẹ́tà náà.