Pípín Háádì Díìsìkì Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Àgbẹ̀ tí ó ní oko kan ṣoṣo ní Ayétòrò lè fi pèrègún pa ààlà sí àárín rẹ̀, kí ó gbin gbágùúdá sí apá kan, kí ó sì gbin àgbàdo sí apá kejì. Oko náà kò tìtorí èyí di méjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ háádì díìsìkì rí, èyíinì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo iṣẹ́ wa pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó ń bi ara rẹ̀ pé: ṣé kí n pín in ni, tàbí kí n fi í sílẹ̀ bí mo ti rà á?

Ìgbà kan wà tí pípín rẹ̀ jẹ́ dandan. Háádì díìsìkì àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde ní 1956 ní àwo 50, ó tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá, síbẹ̀ kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù 5 lẹ́tà lọ. Nígbà tí ó di 1987, MS-DOS kò lè lo ju MB 32 lọ nínú ìpín kan. Ẹni tí díìsìkì rẹ̀ bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ ní láti pín in. Láti ayé ìgbà náà ni a ti ń pe ìpín àkọ́kọ́ ní C, nítorí pé díìsìkì pẹlẹbẹ tí a ń tì bọ ẹnu kọ̀ǹpútà ni ó ni A àti B. Lónìí, dandan náà ti kúrò nílẹ̀. Ọgbọ́n ni ó kù.

Kí ni èrè pípín? Bí Windows bá bàjẹ́, a lè nu C nìkan kí a sì tún un fi sí i, kí ìwé àti àwòrán wa tí ó wà ní D má baà lọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ lo Linux pẹ̀lú Windows nínú kọ̀ǹpútà kan náà lè nílò ìpín ọ̀tọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ó ní ìpalára tirẹ̀. Bí díìsìkì bá kéré, C lè kún dẹ́nu nígbà tí D ṣófo, Windows kò sì ní rí àyè gba àtúnṣe tuntun. Ó rọrùn láti gé lára C; láti dá ohun tí a gé padà kì í fi bẹ́ẹ̀ rọrùn, nítorí pé àyè tí a óò fi kún un gbọ́dọ̀ fara kàn án gan-an. Ẹni tí ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ wà létòlétò kò nílò ààlà. Fódà ti tó o.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí a ro pé ìpín kejì jẹ́ ààbò. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe àdéhùn tí ó la ilẹ̀ Kétu sí méjì: ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ọ̀dá tí ó bá dá ní Kétu kì í bi ààlà léèrè kí ó tó dé Ìmẹ̀kọ. Bí díìsìkì bá kú, tàbí tí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ, C àti D jọ lọ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlaró tí ó kó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sí D nìkan kò tíì pa nǹkan kan mọ́.

Nítorí náà, bí díìsìkì bá kéré, tí Windows nìkan sì ni a ń lò, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tóbi, tí ìdí pàtàkì sì wà, kí a pín in. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí á da iṣẹ́ wa kọ sínú díìsìkì mìíràn tí ó wà lóde kọ̀ǹpútà, kí bátìrì sì kún, nítorí bí iná bá kú láàárín iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ lè ṣègbé.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ó mú kí pípín díìsìkì jẹ́ dandan ní 1987?
2. Sọ èrè kan àti ìpalára kan tí ó wà nínú pípín díìsìkì.
3. Kí nìdí tí a fi mẹ́nu kan Kétu àti Ìmẹ̀kọ?
4. Kọ àròkọ lórí ohun kan tí ìwọ yóò pín, àti ohun kan tí ìwọ kò ní pín. Sọ ìdí rẹ̀.