Òyìnbó Kì Í Ṣe Orúkọ Àwọ̀

Ẹni tó bá gba ọjà Ìkòtún kọjá lọ́jọ́ Sátidé yóò gbọ́ ọ. Obìnrin kan tí ara rẹ̀ pọ́n ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ìyá aláṣọ fà á lápá: "Òyìnbó mi, wá wo léèsì yìí." Kò sẹ́ni tó máa rò pé London ni wọ́n bí i sí. Ní ìsọ̀ kejì, ìyá onípọ̀nmọ́ ń fi ọ̀bẹ họ awọ màlúù. Ọ̀rọ̀ méjì tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ló jókòó síbẹ̀ yẹn, òyìnbó àti awọ. Àwọn akọ̀wé ìròyìn wa a máa kọ "aláwọ funfun" fún ará Yúróòpù. Ìyá onípọ̀nmọ́ yìí gan-an ni aláwọ, torí awọ ló ń tà. Àwọ̀ ni ti ara, ti aṣọ àti ti ọ̀dà, nítorí náà aláwọ̀ ló tọ́, kí ohùn ìsàlẹ̀ wà ní ìparí rẹ̀. Àmì ohùn yìí ló rọrùn jù nínú ẹjọ́ náà. Èyí tó ṣòro ni pé a ti ń lo òyìnbó àti aláwọ̀ funfun bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n, wọn ò sì bá ara wọn tan. Aláwọ̀ funfun ń sọ bí ara ṣe rí. Òyìnbó ń sọ ibi tí ènìyàn ti wá, èdè tó wà lẹ́nu rẹ̀ àti bó ṣe ń ṣe.

Ẹ wo àfín. Nínú gbogbo wa, ta ni ara rẹ̀ funfun tó o? Síbẹ̀, Yorùbá fún un ní orúkọ tirẹ̀, wọ́n fà á lé Ọbàtálá lọ́wọ́, wọ́n pè é ní ẹni òrìṣà. Bí ọmọdé bá pariwo òyìnbó lé e lórí lójú pópó, àgbà tó wà nítòsí ló máa bá a wí. Ẹ wá wo òdìkejì. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti ń ti Freetown padà wá sí Èkó, Badagry àti Abẹ́òkúta, tàwọn ti kóòtù, ìwé àti ìjọ Ọlọ́run. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, wà nínú irú wọn. Òyìnbó dúdú ni àwọn ará ilé ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹni tó funfun kò di òyìnbó, ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin dì í. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ ni òyìnbó túmọ̀ sí, a jẹ́ pé àwọn baba wa ń ṣe wèrè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Àgùdà, àwọn tó ti Brazil àti Cuba dé. Nínú wọn ni a ti rí dúdú, pupa àti àbùlà, orúkọ kan ṣoṣo ló kó gbogbo wọn, òun náà ló sì ṣí lọ di orúkọ ìjọ Kátólíìkì. Ọ̀pẹ òyìnbó ńkọ́? Kò funfun nínú, kò funfun lẹ́yìn. Ẹni tí a bá sì ní "ó gbọ́ òyìnbó," Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́.

Àwọn kan yóò ní inú bíbó ni òyìnbó ti jáde, pé ẹni tí ara rẹ̀ bó bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, ó sì ń rìn káàkiri Facebook. Mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè kan péré: kí ni yìn ń ṣe níbẹ̀? Yìn tí a mọ̀ ni ti ìyìn, àti ti ìbọn tí a ń yìn, kò sì sí èyí tó kan ara ènìyàn nínú méjèèjì. Ẹni tó bá máa tú ọ̀rọ̀, kó tú u tán, kó má mú sílébù tó wù ú kó da ìyókù nù. Kódà ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ àkọ́dá, ẹni tó ń ra ọ̀pẹ òyìnbó lónìí kò ní ìbóra lọ́kàn.

Kí ló wá dé tí èdè wa fi rí báyìí? Èdè a máa lóyún ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́. Ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́ tí Ìkòtún wà, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ọmọ tó dàgbà ní Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndó lè wọ yunifásítì kó tó bá òyìnbó kan sọ̀rọ̀ rí. Àwọn tó mọ̀ ni Àwórì onílẹ̀, Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, Mọ̀lá tó ń sun súyà, Ẹ̀gùn, àti obìnrin tó ń gbé ẹ̀wà àgànyìn kiri láàárọ̀. Àgànyìn tí a fi sọrí ẹ̀wà yìí, àwọn ará etíkun Togo àti Gánà ni, ara wọn kò sì yàtọ̀ sí tiwa. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí tó ti ara àwọ̀ wá. Níbi tí gbogbo ojú ti jọra, dúdú àti pupa kò ju gíga àti kúkúrú lọ. Bí Ìyá Bọ́sẹ̀ bá di méjì nínú ọgbà kan, ọ̀kan á máa jẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ dúdú, èkejì á máa jẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ pupa, àwọn méjèèjì á sì máa dáhùn. Adúmáadán ni a fi ń yin ti àkọ́kọ́, apọ́nbéporẹ́ ni a fi ń yin ìkejì.

Àlejò dé Ìkòtún náà o. Ìjọ Synagogue ti T. B. Joshua kó àwọn ará òkè òkun wá sí àdúgbò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, South Africa ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ìgbà tí ilé àlejò ìjọ náà wó ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹsàn-án 2014, tí ènìyàn 116 kú, ni gbogbo ayé tó mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó. Ní orílẹ̀-èdè wọn, òfin 1950 ti kọ àwọ̀ kálukú sínú ìwé, ó di 1991 kí wọ́n tó fagi lé e. Ẹni tí òfin yẹn pè ní "Coloured" ní Cape Town, tó bá sọ̀ nínú dánfó ní Ìkòtún, ẹni pupa lásán ni. Nínú ọ̀rọ̀ wa, kò sí àpótí tí a lè kó o sí.

Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé ọwọ́ wa mọ́. Ẹni tó bá ní Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ àwọ̀, kó lọ ka iye ike ìpara ìbóra tó wà ní ọjà Ìkòtún kan náà. Pupa ń gbowó lórí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí "òyìnbó mi" ta aṣọ. Mo gbà. Àmọ́ láàrin ara wa ni òṣùwọ̀n yẹn ti ń ṣiṣẹ́, kò pín ayé sí ìran méjì. Àléébù tiwa wà níbòmíràn. Kòbókòbó, tí a ń pe ẹni tí kò gbédè wa, kò mẹ́nu kan àwọ̀, ìwọ̀sí sì ni. Akátá, tí àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà ń pe ènìyàn dúdú tí wọ́n bí síbẹ̀, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ ẹranko ìgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó jẹ́. Àwọ̀ ẹni tó ń pè é àti ti ẹni tí wọ́n ń pè dọ́gba, ìwà àti ibi tí wọ́n bí i sí ni wọ́n fi yà á sọ́tọ̀. Ẹ yé lò ó. Abájọ tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà fún ìjọba South Africa àtijọ́ àti fún ẹni tí kò fẹ́ kí Ìgbò dìbò ládùúgbò òun. Àwọn kan ní àìtó ọ̀rọ̀ ni ìyẹn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ṣe rẹ́gí.

Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kò yé pààrọ̀ orúkọ. "Negro" ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn Amẹ́ríkà ní 2010, ó ti kúrò níbẹ̀ ní 2020, ọdún yẹn náà ni àwọn ìwé ìròyìn ńlá wọn bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà ńlá kọ "Black". Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ẹ̀yà nínú ìkànìyàn ní 1991, Ìyá Bọ́sẹ̀ dúdú àti Ìyá Bọ́sẹ̀ pupa bá ara wọn nínú àpótí kan náà. Kí atúmọ̀ èdè má sáré tẹ̀lé wọn. Lẹ́tà ńlá kò dún létí. "People of colour" kò ṣeé sọ di ènìyàn aláwọ̀, torí funfun náà àwọ̀ ni. Fún "Negro" inú ìwé àtijọ́ àti "Black" tòní, ènìyàn dúdú tó. Adúláwọ̀ dára, ṣùgbọ́n ká rọra pẹ̀lú "ilẹ̀ Adúláwọ̀" tí a fi ń pe Áfíríkà, nítorí Cairo àti Tunis wà ní Áfíríkà. Ìjà lórí èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí Dakar gbàlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn ènìyàn dúdú ní 1966, "Nègres" ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìkejì rẹ̀, FESTAC, dé Èkó ní 1977, ó ti di "Black and African", kí àyè lè gba àwọ̀ àti ilẹ̀. Senghor ti Senegal ò fẹ́ kí àwọn Lárúbáwá àríwá Áfíríkà kópa nínú ìjíròrò àwọn ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, Nàìjíríà yarí. Akọ̀wé tó bá wá kọ "àjọ̀dún àwọn adúláwọ̀" fún FESTAC, tó dákẹ́ síbẹ̀, ti gbè sẹ́yìn Senghor láìmọ̀.