Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Bẹ́rìn Mọ́tò-Jẹnẹrétọ̀ Nínú Ram 1500 eTorque

Láti orí àwòṣe ọdún 2019 ni wọ́n ti ń ta Ram 1500 tó ní eTorque ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ yìí kò ní ọ́tánétọ̀ bíi ti àtijọ́. Mọ́tò-jẹnẹrétọ̀, tí a ó máa pè ní mọ́tò níhìn-ín, ló wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ń pèsè iná, ó sì ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti fa ọkọ̀. Bẹ́líìtì ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, bátìrì 48 fóòtì tó wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Bẹ́rìn méjì ló gbé ṣáfútì rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá àárín tó ń yí: ọ̀kan wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ púlì, èkejì wà lẹ́yìn.

1. Ẹ mọ ibi tí ariwo ti ń wá

Ohùn bẹ́rìn tó gbó máa ń ga sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i. Ṣùgbọ́n àwọn púlì yòókù àti apá tó ń mú bẹ́líìtì le náà ní bẹ́rìn tiwọn, ohùn kan náà ni wọ́n sì ń ké. Owó wọn kò pọ̀ tó ti mọ́tò, nítorí náà àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ ṣe ìpele kejì ní ìsàlẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà kí ẹ ya fọ́tò ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára á yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó gbó á máa họ lábẹ́ ìka yín. Ẹ di púlì mọ́tò mú, kí ẹ mì ín sókè sódò. Kò yẹ kó mì rárá. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì láìsí bẹ́líìtì, nítorí bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí pọ́ǹpù omi.

2. Ẹ pa iná

Mọ́tò yìí ló ń tún ẹ́ńjìnnì tan nígbà tí ọkọ̀ bá dúró níbi iná ojú títì. Ó lè yí fúnra rẹ̀, ó sì lè gé ìka. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jìnnà.

Iná 48 fóòtì kò le tó iná ilé, ṣùgbọ́n òrùka tàbí aago irin tó bá kan orí bátìrì náà méjèèjì lè jó awọ ara. Ẹ bọ́ wọn sílẹ̀. Wáyà tí a bá fà yọ nígbà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá lè bu iná lójijì, iná náà kì í sì í tètè kú bíi ti 12 fóòtì.

Ẹ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì 12 fóòtì. Ẹ gé bátìrì 48 fóòtì bí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ṣe là á sílẹ̀, kí ẹ sì dúró fún iye àkókò tó sọ, torí kàpásítọ̀ ṣì máa ń di iná mú sínú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọn orí wáyà mọ́tò. Ẹ dán mítà náà wò lára bátìrì tó dára ṣáájú àti lẹ́yìn, kó má baà jẹ́ pé mítà ló ti kú.

3. Ẹ yọ mọ́tò

Omi ló ń mú mọ́tò ti ẹ́ńjìnnì V6 tutù, nítorí náà ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ tó fa omi náà sínú abọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń mú ti ẹ́ńjìnnì Hemi V8 tutù. Ẹ tú wáyà àti bóòtù mọ́tò, kí ẹ sì gbé e jáde.

4. Ẹ tú u

Kí ẹ tó ya ilé rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan kọjá lára gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ fi púlà fa bẹ́rìn yọ. Ẹ má fi òòlù lu ṣáfútì.

Bẹ́rìn iwájú kò le púpọ̀. Ti ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ sábà máa ń súnmọ́ àwọn ẹ̀rọ inverter (tó ń yí irú iná padà fún mọ́tò) àti sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ibi tí ṣáfútì yí dé. Bí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá yẹ̀ díẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa ṣìnà. Bí ẹ bá rí i pé àfi kí ẹ jó lẹ́ẹ̀dì kúrò lára wáyà kí ẹ tó dé ibẹ̀, tí ẹ kò sì mọ iṣẹ́ náà dunjú, ẹ ra mọ́tò tí wọ́n ti tún ṣe. Èmi kò ní pe ìyẹn ní ìjákulẹ̀.

5. Ẹ ka nọ́ńbà ara bẹ́rìn àtijọ́

Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ, títí kan lẹ́tà ìparí. Bí àpẹẹrẹ, nínú 6303-2RS C3, 03 túmọ̀ sí ihò milimítà 17. Láti 04 sókè, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀: 04 jẹ́ 20. 2RS ni rọ́bà ìdérí lójú méjèèjì. C3 ń sọ pé àyè inú rẹ̀ fẹ̀ ju ti lásán lọ, kí ooru má baà há a mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà á ní C3 kò ṣe pàtàkì. Ẹ má gbà fún wọn.

Ẹ ṣí bẹ́rìn àtijọ́, kí ẹ nu gíríìsì rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀léra bíi ara páànù òrùlé, iná ló ń gba inú bẹ́rìn kọjá. Ẹ yẹ wáyà áàtì mọ́tò àti ti ẹ́ńjìnnì wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun náà á bàjẹ́.

6. Ẹ tẹ tuntun wọlé

Ìpele yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Agbára tí ẹ ń lò kò gbọdọ̀ gba orí ọmọ irin róbótó inú bẹ́rìn kọjá. Bí ẹ bá ń tẹ bẹ́rìn sínú ilé, òrùka ìta ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí ṣáfútì, òrùka inú ni.

Ẹ mú ilé alumíníọ̀mù tó ti ṣófo gbóná dé nǹkan bí 80°C nínú ààrò. Á fẹ̀, bẹ́rìn á sì wọlé láìjà. Nígbà tí ẹ bá ń ti ṣáfútì gba inú bẹ́rìn náà, ẹ fi páìpù irin kékeré gbé òrùka inú dúró láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé ilé nìkan lé tábìlì, bẹ́rìn tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i.

7. Ẹ dá a padà

Ẹ to ìlà ọ̀dà náà bá ara wọn, ẹ yí púlì pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì àti bóòtù dé ìwọ̀n tí ìwé sọ. Ẹ fi bẹ́líìtì sí i bó ṣe wà nínú fọ́tò. Bó bá jẹ́ V6, ẹ da omi padà, kí ẹ lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ so 48 fóòtì kí ẹ tó so 12 fóòtì.

Bí ariwo bá lọ ṣùgbọ́n tí iná ìkìlọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ pa ọkọ̀, ẹ tún iná gé bíi ti ìpele kejì, kí ẹ sì yẹ ojú ìsowáyà àti sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn wò kí ẹ tó tú bẹ́rìn.