Ta Ni Yóò Jókòó Sórí Àga Náà?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Fate àti Tanke ní Ìlọrin, tí ẹ máa ń jókòó papọ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, tí ẹ ó máa fi fóònù wo ibi tí bọ́ǹbù ti ń bọ́ káàkiri ayé, mo ń gbọ́ àríyànjiyàn yín. Àwọn kan nínú yín ní bí olórí burúkú bá wà lórí ìlú kan, kí àwọn alágbára ayé kó ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a, kí wọ́n lé e kúrò, ọ̀sẹ̀ kan péré, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi ṣàdúrà pé kí wọ́n yà bá wa níbí. Ọmọ Ìlọrin kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ láìronú. Ìlú yìí ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí.

Ní oṣù kejì ọdún 1897, George Goldie kó ọmọ ogun Royal Niger Company dé. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ni, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ wọn, ìbọn Maxim sì wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Àwọn ẹlẹ́ṣin wa jáde pàdé wọn, akin ni wọ́n, àmọ́ ẹṣin kò ráyè súnmọ́ ìbọn tí ọta rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Wọ́n yin àgbá sínú ìlú, iná sì ràn. Ẹ́míà Sulaimanu tó ti sá jáde padà wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Goldie kò yọ Ẹ́míà lóyè. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ó ti yọ ti Bida. Ó lé Etsu Abubakar jáde, ó fi Muhammadu Makun sípò rẹ̀, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Abubakar padà wálé, ó sì gba ìtẹ́ rẹ̀. Àfi ìgbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Lugard tún lọ sí Bida ní 1901 kí Makun tó lè jókòó. Ìṣẹ́gun ọjọ́ méjì kò fi ọba jẹ ní Bida.

Níbí náà, ta ló ń ṣàkóso Ìlọrin nígbà yẹn? Àwọn balógun ni. Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú kí àgbá tó dún, Ẹ́míà Moma fẹ́ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó rẹ́, àwọn balógun sì dìde sí i. Nígbà tí ọ̀nà dí mọ́ ọn, ó fi ẹ̀tù ìbọn pa ara rẹ̀ nínú ààfin. Àwọn ló fi Sulaimanu jẹ. Àgbá Goldie jó ilé, kò jó agbára wọn. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wá jókòó lẹ́yìn ọdún 1900, tó ń jí tó ń sùn láàrin ìlú, ni agbára náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀.

Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gedegbe jù lọ. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí ìtẹ́. Akítóyè wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ní bí wọ́n bá dá òun padà, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851 wọ́n kọlu Èkó, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ lé wọn sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá wọ́n tún dé, ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer wà nínú ohun tí wọ́n kó wá. Òun ni àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Àgídìngbì. Kòsọ́kọ́ sá, ó gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1852, Akítóyè ti padà sórí ìtẹ́, ó sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú.

Bí fóònù bá wà nígbà yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi ì bá ti pàtẹ́wọ́, ẹ ì bá ní ó ti parí. Kò parí. Kòsọ́kọ́ jókòó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn jagunjagun rẹ̀, wọ́n sì tún wá kọlu Èkó ní 1853. Ọdún yẹn náà ni Akítóyè kú. Wọ́n fi Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jẹ, ọwọ́ kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì sì wà níbẹ̀. Ní 1854, kọ́ńsù yẹn náà ló bá Kòsọ́kọ́ tí wọ́n ti lé lọ ṣe àdéhùn. Ọba tí ọkọ̀ ogun gbé wọlé kò lè dá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ogun. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí omi, Dòsùnmú sì fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 99 kọjá kí a tó gba òmìnira.

Mi ò sọ pé Kòsọ́kọ́ ṣe rere. Òwò ẹrú burú, ó sì dùn mọ́ mi pé ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní èbúté Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ìtàn wa nìyí: bí ẹni tó yin àgbá bá kúrò, ẹni tó lé lọ lè padà, gẹ́gẹ́ bí ti Bida. Bí kò bá sì kúrò, òun ni yóò di onílé, gẹ́gẹ́ bí ti Èkó. Ẹni tó ń pe oníbọ́ǹbù, kí ó mọ èyí tó ń yàn.

Ẹ ó ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ wo Líbíyà. Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2011 ni ọkọ̀ òfuurufú àwọn alágbára bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù, wọ́n sì pa Gaddafi ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. Ó ti fi ipá jọba fún ọdún 42, ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ sì yọ̀. Kò sí ẹni tó ronú nípa ẹni tí yóò ṣọ́ ilé ìkó-ohun-ìjà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di 2014, ìjọba méjì ló ń díje lé orílẹ̀-èdè kan. Àwọn ọmọ ogun tó ti bá Gaddafi ṣiṣẹ́ di ìbọn wọn, wọ́n gba aṣálẹ̀ lọ sí Málì, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2012. Málì ti ní ìjà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ ìbọn yẹn ló kó epo sí iná. Láti ibẹ̀ ni ó ti ràn dé Bùrkínà Fasò, ó dé àríwá Benin. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí JNIM tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Málì kéde pé àwọn ti ṣe ìkọlù ní Kwara wa yìí. Ẹ bi àwọn ará Kaiama àti Baruten bóyá ọ̀rọ̀ òkèèrè ni.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé a kò kó ogun lọ sí Nìjẹ̀r. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn sójà Ọ̀gágun Tchiani gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Bazoum tí wọ́n dìbò yàn. Àjọ ECOWAS, tí Ààrẹ Tinubu ń darí nígbà yẹn, fún wọn ní ọjọ́ méje, ó sì ní òun lè lo agbára. Àwọn aṣòfin àgbà wa l'Ábùjá ní kí a má yára sí ogun. Àwọn àáfà àgbà lọ sí Niamey, wọ́n bá Tchiani sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. A ò rí ohun tí a fẹ́ gbà, mi ò ní purọ́ fún yín: Bazoum kò padà sórí àga, Nìjẹ̀r, Málì àti Bùrkínà Fasò sì fi ECOWAS sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Síbẹ̀, bí a bá ti ju bọ́ǹbù sí Niamey, àwọn ará Sokoto àti Katsina, tí ìbátan wọn wà lódì kejì ẹnubodè, ni ì bá gba ìbànújẹ́ náà sílé.

Ìgbà kan wà tí ipá ran ìlú lọ́wọ́, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Gámbíà dìbò ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 2016, wọ́n yọ Yahya Jammeh tó ti lo ọdún 22. Ó kọ́kọ́ gbà, ó tún yí ohùn padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n búra fún Adama Barrow ní Dakar, àwọn sójà Sẹ̀nẹ̀gàl, Nàìjíríà àti Gánà sì gbéra. Wọ́n dúró kí àwọn ààrẹ Guinea àti Mauritania lè bá Jammeh sọ̀rọ̀, ó sì lọ ní ọjọ́ 21 láìsí pé wọ́n fi àgbá wó Banjul. Àwọn ará Gámbíà fúnra wọn ti yí ìjọba padà nínú ìdìbò kí sójà kankan tó dìde. Sójà kàn dúró ti ohun tí wọ́n ti ṣe ni.

Ẹnìkan nínú yín dárúkọ Jámánì. Kì í ṣe bọ́ǹbù nìkan ló yí Jámánì padà ní 1945. Ọmọ ogun wọ ìlú ọ̀hún, wọ́n pín in, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí kò múra tán láti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má fi Jámánì ṣẹ̀rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́hun. Bí ẹ bá tún jókòó ní Fate tí ẹnìkan ní kí wọ́n lọ fi bọ́ǹbù lé olórí kan, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn ní kí ó dárúkọ ẹni tí yóò jókòó sórí àga náà, kí ó sì sọ àwọn tó yàn án.